Ọjọ́ Mọ́kànlá Nínú Ọkọ̀

Akọ̀wé ilé-ìwé sọ fún wa pé àwọn kò ní nọ́ọ̀sì.
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé búrẹ́dì ti tán.
Mo ní kò burú.
Mo gbé ọkọ̀ mi sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn,
mo jókòó.

Òtútù Winnipeg kì í kí ènìyàn kó tó wọlé.
Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi,
fóònù lórí àyà bí ọmọ tuntun,
mò ń wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ apá Àńjọlá ń fi ránṣẹ́:
méje. Méje. Mẹ́fà àbọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ
kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ìyá rẹ̀ a máa lẹ bébà pélébé mọ́ fúláàsì ìrẹsì:
ogójì gíráàmù. Ọsàn kékeré kan: mẹ́sàn-án.
Mọ́ínmọ́ín, a kò rí i nínú ìwé tí ilé-ìwòsàn fún wa;
a gbé e ka òṣùwọ̀n, a ṣírò, a tún un ṣírò.
Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe kọ́ òǹkà Yorùbá,
kì í ṣe lẹ́nu ìyá àgbà,
nínú oúnjẹ tí a ní láti kà kó tó kan ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, tíṣà mìíràn ló wá dípò Mísíìsì Kowalchuk.
Nọ́ńbà ń sọ̀kalẹ̀: márùn-ún. Mẹ́rin. Mẹ́ta àti díẹ̀.
Mo sáré, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí yìnyín, mo ṣubú, mo dìde.
Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mo gbọ́ ohùn tíṣà náà:
"Àńjọlá, gbórí sókè, má ṣe ya ọ̀lẹ."

Ọ̀lẹ kọ́ o.

Wesley, ọmọkùnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ,
ti ki sìtírọ́ọ̀ bọ páálí júùsì:
"Mu ún. Bí ohùn kókum mi náà ṣe máa ń fà nìyẹn
tí ṣúgà rẹ̀ bá já wálẹ̀."
(Ìyá àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wọn.)
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jókòó sórí àga tí kò gba ìdí mi,
gbogbo wa jọ ń wò ó. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Mẹ́rin àbọ̀.
Tíṣà náà ń sunkún. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.
Mo na tíṣù sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Marisel, olùrànlọ́wọ́ kíláàsì, kan gíláàsì ọkọ̀ mi.
Òroǹbó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti dá a lu káàkiri.
"Ọgọ́ta ìgbà," ló wí. "Omi ni mo ń gún sínú rẹ̀.
Ó kù kí o kọ́ mi lórí ti ọmọ."
Mo kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ̀n mọ́.
Júùsì wọ inú dúrọ́ọ̀ kíláàsì, ó wọ yàrá eré,
akọ̀wé tó ní kò sí nọ́ọ̀sì ju ọ̀kan sínú báàgì ara rẹ̀.
Tíṣà ọjọ́ kẹrin padà wá, ó ní kí wọ́n kọ́ òun náà.

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó:
ogún ọdún ni mo ti ń pa á lówe, n kò ka ojú náà rí.
Mo kà á lọ́jọ́ yẹn. Kò pé igba.
Mẹ́wàá péré ni.
Ó tó.

Ọjọ́ kọkànlá, Àńjọlá fúnra rẹ̀ sáré wá lákòókò eré:
"Dádì, lọ sùn.
Wọ́n ń bi mí bóyá inú ọkọ̀ là ń gbé."
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo lọ.
Ojú ibi tí mo ti dìde dúdú láàárín funfun,
bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ẹní.
Mo sùn títí aago mẹ́ta fi kù díẹ̀,
fóònù lórí àyà, a kò purọ́.
Nígbà tí mo padà wá mú un,
yìnyín ti bo ojú ibẹ̀.